Yìnyín Lójú Ọ̀nà Hádà

Ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní yìnyín ló gba ọkọ̀ mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Sáúdì, àwọn kan á ti bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní yìnyín wo? Ṣé ní ilẹ̀ tí omi ẹ̀rọ ti ń gbóná lọ́sàn-án débi pé ó lè bó ènìyàn lára? Níbẹ̀ gan-an ni o. Òkè kan wà láàárín Mẹ́kà àti ìlú Tọ́ífù, Hádà ni wọ́n ń pè é. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí ooru bá ń yan àwọn ará Jẹ́dà, ńṣe ni àwọn tó wà lókè yẹn ń wá súwẹ́tà. Bí òjò bá sì ṣú níbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe omi ló ń bọ́. Yìnyín ni, wóró wóró, títí ọ̀dà ojú títì á fi funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ Ọlọ́run ga!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òkè nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ti Naheem ni, àti ti ìyá rẹ̀.

Ẹnjinía iná mànàmáná ni Naheem, ọmọ Ìwó. Ọdún 1988 ló dé Jẹ́dà. Ilé iṣẹ́ kan ló gbà á pẹ̀lú àdéhùn ọlọ́dún méjì, bó bá parí wọ́n á tún un ṣe. Àdúgbò Bàgìdádíyà ló ń gbé pẹ̀lú Bilqis ìyàwó rẹ̀, lókè ilé kan tí bákálà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún wọn, Rumaysa, Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sọ Yorùbá sí i, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni yóò fi dá yín lóhùn.

Ohun tí gbogbo Yorùbá Jẹ́dà mọ̀ mọ́ Naheem ni pé kì í ṣe nǹkan láàbọ̀. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù kan ṣoṣo, á kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé, á wá tún máa bi Bilqis bóyá ó dá a lójú pé iná ti kú. Bó bá ń kírun tó ṣiyè méjì díẹ̀ báyìí, á tún un kí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Àlàájì Naheem bá ti ń ṣe àlùwàlá, ẹ lọ wo Òkun Pupa, ó ti ń fà.

Bàbá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ni Bàbá Abdulrauf ní Ìwó, ọlọ́yàyà ènìyàn tí kì í kánjú. Lọ́dọọdún, bí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà bá ń gbéra, òun ló ń bá wọn ru ẹrù dé ìdí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ ṣí, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀, tèmi náà." Ó ń sọ ọ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí Naheem wá ríṣẹ́ sí Jẹ́dà, ó kọ̀wé sílé pé kí bàbá òun máa múra. Bàbá ń múra lọ́wọ́ ni àìsàn kì í mọ́lẹ̀. Ọdún 1990 ló kú. Ọjọ́ tí ìròyìn fi dé Jẹ́dà, wọ́n ti sin ín. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Naheem lára ju bí ó ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ lọ. Bilqis sọ pé láti ìgbà náà ni kò ti lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní "tó bá yá" nínú ilé kí ojú rẹ̀ má yí padà.

Ìparí ọdún 1996 ni ìyá rẹ̀, Munirah, wá kí wọn ní Jẹ́dà. Àfi bí ẹni pé wọ́n tan àtùpà sínú ilé yẹn! Ìyá yìí a máa sọ̀rọ̀, a máa rẹ́rìn-ín, a máa bá oníbákálà sọ Yorùbá, ọmọ Yẹ́mẹ́nì nìyẹn o, tòun ti bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé. Rumaysa ló fẹ́ràn jù. Ó ń pè é ní Àṣàkẹ́. Bí Àṣàkẹ́ bá fi Lárúbáwá dá a lóhùn, ìyá àgbà á ní, "Ó dáa, mo gbọ́, ìyẹn ni pé o fẹ́ jẹun." Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó dé ni Naheem mú un lọ sí Mẹ́kà, ó ṣe Úmúrà tirẹ̀, ìbẹ̀wò kékeré tí kì í ṣe Hájì. Láti ọjọ́ tí ojú rẹ̀ ti rí Káábà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Àlàájà, Hájì kò tíì dé rárá. Bí wọ́n ṣe padà sí Jẹ́dà ló wá sọ ohun tó gbé e kúrò nílé gan-an. Ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Àkànní, mo ti ṣe tèmi. Ó ku ti bàbá yín."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe Úmúrà fún ara rẹ̀ lè ṣe òmíràn ní orúkọ òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nínú Mẹ́kà, kò lè kàn dìde lórí ẹní rẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò láàlà ilẹ̀ ọ̀wọ̀, kó wọ hàrámì, ìyẹn ipò ọ̀wọ̀ àti aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe Úmúrà, níbẹ̀, kó wá padà wọlé bí àlejò. Ibi tó sún mọ́ jù tí gbogbo ayé ń lọ ni Tánímù, níbi tí mọ́sáláṣí ńlá kan wà. Ẹnu ọ̀nà Hárámù, mọ́sáláṣí tí Káábà wà nínú rẹ̀, làwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò, "Tánímù, Tánímù," bí ẹni ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ènìyàn á lọ, á bọ̀, oúnjẹ tó gbé kaná kò ní tíì jinná.

Ibẹ̀ ni Àlàájà ní kí wọ́n gbé òun lọ. Naheem ní rárá.

Ilé Abdulghafur ní Sáhírì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yìí. Ará Mẹ́kà ni Abdulghafur. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, Mẹ́kà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó gba Sùdáànù kọjá, ó ṣe Hájì, kò sì padà mọ́. Bilqis àti Awatif ìyàwó Abdulghafur ló pàdé ní Mínà lọ́dún kan níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn onílé àgọ́, ni ilé méjèèjì bá di ẹbí. Abdulghafur ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀bù kan tó fi ń gbé kápẹ́ẹ̀tì kiri. Yorùbá ẹnu rẹ̀ jẹ́ èyí tó kọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀: kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka iye owó lédè wa, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn èébú àtijọ́ kan tí àwọn ará ilé gan-an ti gbàgbé. Ojú ọ̀nà Tánímù ni Sáhírì wà, nítorí náà ó yà á lẹ́nu pé ẹnì kan fẹ́ gba ibòmíràn lọ.

Naheem ṣàlàyé fún un. Ó ti ka àwọn ìwé kéékèèké kan. Ó ní àwọn onímọ̀ kan sọ pé ti Tánímù yẹn, ìrọ̀rùn ni Ànábì fi ṣe fún ìyàwó rẹ̀ kan tó ní ìdí pàtàkì. Pé èyí tó lẹ́wà jù ni kí ènìyàn lọ sí ẹnubodè àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó wọ hàrámì rẹ̀ níbẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ máa bọ̀ bí arìnrìn-àjò tòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè yẹn wà lórí òkè Hádà. Òun á gbé ìyá òun gba ibẹ̀.

Abdulghafur wò ó títí. Ó ní, "Báṣi-muhándìsì, ọ̀gá ẹnjinía, ṣé Ọlọ́run ń fi téèpù wọn ọ̀nà ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Naheem náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àlàájà bẹ̀ ẹ́. Ó ní orúnkún ń dun òun, ó ní bàbá wọn kì í ṣe ẹni tí í bínú sí nǹkan kékeré, ibi tó bá sún mọ́ ti tó o. Naheem wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó ní, "Màmi, ti Bàbá ni. N kò ṣe nǹkan kan fún wọn. N kò gbé wọn wá, n kò sin wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀nà àbùjá ṣe èyí náà."

Kí ni ìyá fẹ́ wí sí i? Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọmọ òun tó kàwé ló mọ̀, ibi tó bá gbé òun lọ ni òun á lọ.

Ọjọ́ Alámíìsì kan nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbéra, àwọn mẹ́rin: Naheem, ìyá rẹ̀, Bilqis àti Rumaysa. Àlàájà ló jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, nítorí ìyá kì í wà nínú ọkọ̀ kí ìyàwó jókòó níwájú. Kirẹ́sídà ni ọkọ̀ wọn, Naheem sì ti yẹ omi, epo àti táyà rẹ̀ wò bí ìṣe rẹ̀. Wọ́n gun òkè Hádà, ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò sára àpáta. Àwọn ìnàkí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Ọ̀kan gbọ́mọ pọ̀n sẹ́yìn. Àlàájà ní, "Ẹ wo ìyàwó ilé," ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Wọ́n dé Tọ́ífù, wọ́n jẹun, wọ́n ra èso pómígíránétì. Ní ọ̀sán, wọ́n padà sí mọ́sáláṣí ẹnubodè tó wà lórí òkè yẹn, Naheem wẹ̀, ó ró aṣọ funfun méjì tí kò lójú rírán, nítorí òun náà fẹ́ ṣe Úmúrà fún ara rẹ̀. Obìnrin kì í wọ irú ìyẹn. Àlàájà wọ ìró àti bùbá funfun tó gbé wá láti Ìwó, ó fi ìbòrí funfun bo irun rẹ̀. Ó kí ìrun, ó sì sọ ìpinnu rẹ̀ sókè, ó dárúkọ Abdulrauf ọkọ rẹ̀. Bilqis ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní bí ó ṣe dárúkọ yẹn, ohùn rẹ̀ yí padà, bí ti ọmọge.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wí Lábáékà, ìpè tí àwọn tó ń lọ sí Káábà ń wí lójú ọ̀nà, ni ojú ọ̀run dúdú lójijì. Ààrá sán. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé ọkọ̀. Ẹ bá mi wò ó: kò pẹ́ rárá, gbogbo nǹkan ti funfun! Àpáta funfun, títì funfun, ẹ̀yìn àwọn ìnàkí pàápàá funfun. Naheem rí ibi fífẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn máa ń dúró sí láti wo ìsàlẹ̀ òkè, ó yà sí i. Ọkọ̀ bíi mẹ́ta wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Rumaysa ń sunkún, ó ń pariwo ní Lárúbáwá pé ọkọ̀ máa fọ́.

Àlàájà ti ṣílẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní, "Àṣàkẹ́, má sunkún, yìnyín ni. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Bí òjò bá ń bọ́ yìnyín nílé wa, ta ló ń sá? Ìta ni a ń sá sí. A ó gbé abọ́, a ó fi ọpọ́n borí, a ó máa ṣà á, a ó máa jù ú sẹ́nu títí ahọ́n á fi kú. Àwọn àgbà á ní kí a wọlé, àwọn náà á sì ti na ọwọ́ sábẹ́ òrùlé. Ẹ̀rù yìnyín kì í bà wá. Bí ó ṣe ń bọ́ ló ń yọ́. Kí ọmọ tó pe ẹlòmíràn wá wò ó, ó ti di omi.

Nítorí náà nígbà tí yìnyín dín kù díẹ̀, gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Àlàájà tú ọmọrí kúlà oúnjẹ, ó ń ṣa yìnyín sínú rẹ̀, ó ní òun máa gbé e lọ fún àwọn ọmọ Abdulghafur. Ó fi ọ̀kan sẹ́nu Rumaysa. Ọmọ yẹn dákẹ́, ó lá a, ojú rẹ̀ là. Ó wá sọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Òmíràn." Naheem dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀, òtútù ń mú un, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún Bilqis pé òun ti gbàgbé adùn rẹ̀. Bilqis ní láti ọdún tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Oòrùn yọ. Àwọn ará ibẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ mẹ́ta yẹn kò mira, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn pa, wọ́n ń mu tíì. Naheem rò pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbádùn. Ní tirẹ̀, òjò ti dá, oòrùn ti yọ, yìnyín ti parí nìyẹn. Ó fẹ́ dé Hárámù kí èrò tó pọ̀, kí ìyá rẹ̀ lè yí Káábà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí orúnkún. Ó kó wọn sínú ọkọ̀. Àlàájà gbé ọmọrí kúlà lé itan.

Ọkùnrin yìí tí kì í ṣe nǹkan láàbọ̀, kò sí ohun tí kò yẹ̀ wò lára ọkọ̀ yẹn. Ojú ọ̀nà ni kò yẹ̀ wò. Yìnyín ilé wa ló wà lọ́kàn rẹ̀, èyí tí í yọ́. Ti Hádà kò tíì yọ́. Ó ti ki pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ òjìji àpáta níbi tí oòrùn kò dé, kò sì sẹ́ni tó da iyanrìn lé e. Ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ iyanrìn o! Kò sí ẹ̀kúnwọ́ kan lójú títì yẹn lọ́jọ́ náà.

Kọ́nà kejì ni. Ó tẹ bíréèkì. Táyà dúró, ọkọ̀ kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ekùrọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ó yí sítíárìn, sítíárìn fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan. Apá òsì ni ọ̀gbun wà, òkúta kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́bàá rẹ̀ kò lè dá ewúrẹ́ dúró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn débi pé àwọn ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ dà bí ẹ̀gúsí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kọjú sí. Bilqis ní òun rí ojú ọ̀run nínú gíláàsì iwájú, òun kò rí ilẹ̀ mọ́. Naheem gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Táyà kan rí ọ̀dà gbá mú. Ó fi gbogbo agbára fa sítíárìn sọ́tùn-ún, síbi àpáta. Ó yan àpáta. Ìyàwó rẹ̀ yè, ọmọ rẹ̀ yè, òun náà yè.

Apá ọ̀tún ni ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Àwọn ọkùnrin tó ń mu tíì ló sáré dé kọ́kọ́, wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Wọn kò lè ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Naheem gba ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ fà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé apá. Yìnyín ọmọrí kúlà ti dà sílẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá béèrè Àṣàkẹ́, wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ti bàbá yín ńkọ́?"

Naheem ní, "A máa ṣe é, Màmi. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Kò dáhùn mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn aláìsàn fi gun òkè dé ọ̀dọ̀ wọn, yìnyín tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò tíì yọ́ tán.

Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí. Awatif wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Nítorí pé inú hàrámì ló kú sí, wọn kò fi lọ́fínńdà kàn án, wọ́n fi í sílẹ̀ bí arìnrìn-àjò tí ìrìn rẹ̀ kò tíì parí. Lẹ́yìn ìrun ní Hárámù, wọ́n kí ìrun sí i lára, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí láyé. Naheem gbé igun kan àkéte òkú náà pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Hàrámì ṣì wà lọ́rùn tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ títí á fi parí Úmúrà tó dì mọ́ra fún ara rẹ̀. Láti itẹ́ òkú ló ti padà wá yí Káábà ká, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára aṣọ funfun rẹ̀. Abdulghafur ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń dì í mú ní ìgbànwọ́ kí èrò má bàa tì í ṣubú.

Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí, òun ló sì dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ọkùnrin yìí sunkún. Wọ́n ń kí i kú oríire! Ilé Bàgìdádíyà kún, wọ́n ń jẹ dábínù, wọ́n ń mu kọfí, oníkálukú ń sọ pé irú ikú yìí ni òun ń tọrọ. Wọ́n ní ẹni tó bá kú nínú hàrámì, Lábáékà ni yóò máa wí nígbà tí wọ́n bá jí i dìde. Òtítọ́ ni, Naheem náà gbà á gbọ́. Ó ń ní Alihamudulilahi, Alihamudulilahi, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Dawud fóònù láti Ìwó pé àwọn ti pa màlúù, pé gbogbo ìlú ń yọ̀, pé ìyá wọn ti gba ọ̀nà tààrà lọ sí Àlùjánná, kó má sọ omi ojú sílẹ̀ o, àìmoore ni. Naheem ní òun ti gbọ́. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sí ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo òun. Bilqis dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ nǹkan kan ju omi lọ.

Kò wa ọkọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ń gbé e. Oṣù ń gorí oṣù, Úmúrà bàbá rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ó ti wà. Kò lè gun Hádà mọ́ láé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Tánímù. Abdulghafur gbìyànjú títí. Ó ní kó kàn wọ ọkọ̀ òun, òun á gbé e lọ, òun á gbé e bọ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Naheem yíjú sí i.

Ó ní, "Bí mo bá lọ sí Tánímù báyìí, a jẹ́ pé a lè ti lọ síbẹ̀ nígbà yẹn."

Abdulghafur mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sí Mẹ́kà.

Ọdún 1998 ni àdéhùn iṣẹ́ parí tí wọn kò sì tún un ṣe mọ́. Wọ́n fagi lé ìkámà, ìwé ìgbélùú wọn, wọ́n di ẹrù. Bilqis ti ń wo ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi wọ bàlúù lọ sílé bẹ́ẹ̀, kò ní lè wọ ilé bàbá rẹ̀ ní Ìwó. Ó jókòó tì í láàárín àwọn àpótí.

Ó ní, "Bàbá Rumaysa, kì í ṣe ẹ̀bi yín ni Màmi béèrè lórí òkè yẹn. Ti bàbá ni wọ́n béèrè. Ẹ sì ti dá wọn lóhùn pé ẹ máa ṣe é."

Ní ọjọ́ kejì, Naheem ní kí Bilqis bá òun wá aṣọ hàrámì òun.

Àsìkò ìrun Alásárì ni Abdulghafur fi pikọ́ọ̀bù rẹ̀ gbé e dé Tánímù. Ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó kírun, ó sì kí i lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó ṣiyè méjì. Ó sọ ìpinnu rẹ̀ ní orúkọ Abdulrauf bíríkìlà, ọmọ Ìwó. Wọ́n wọ ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí Lábáékà, ojú rẹ̀ wà lórí títì bí ti ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀. Ọ̀nà tẹ́jú. Ó gbẹ. Wọ́n kọjá Sáhírì, wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà ilé Abdulghafur gan-an, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n dúró ní iná ọ̀nà kan. Òógùn kò tíì mú ẹnikẹ́ni. Abdulghafur yà, ó wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí, ó pa á.

Naheem ní, "Kí ló dé tí a dúró?"

Abdulghafur ní, "A ti dé, yá akhí, arákùnrin mi."

Ó gbé ojú sókè. Àwọn ilé gogoro ìpèrun Hárámù dúró síbẹ̀, funfun, lókè orí wọn. Ó wo ẹ̀yìn, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ó tún wo iwájú. Abdulghafur ní ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn tó ti wà níkùn rẹ̀ láti Hádà. Ó ń sunkún, ó ń ní, "Ṣé kò jù báyìí lọ ni? Màmi, kò jù báyìí lọ." Àwọn tó ń kọjá wò ó, wọ́n rò pé ayọ̀ Káábà ló ń pa á lẹ́kún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀kan tiẹ̀ fọwọ́ bà á léjìká, ó ní Ọlọ́run á gbà á.

Ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ó yí Káábà ká, ó rìn láàárín òkè Sọ́fà àti òkè Máríwà, wọ́n gé irun rẹ̀. Bàbá Abdulrauf ti ní Úmúrà.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run bá gbé dé Mẹ́kà, mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá lọ sí Tánímù, ẹ má sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ la ojú yín sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí yẹn títí dé ibi tí ọkọ̀ yóò ti já yín sílẹ̀. N kò ní sọ iye ìṣẹ́jú rẹ̀ fún yín. Ẹ lọ fi ojú ara yín wò ó bí ó ṣe sún mọ́ tó.